Pálọ̀ Ìsàlẹ̀: Ọ̀rinrin Ni Ká Kọ́kọ́ Bá Wí

Ìparí oṣù Kẹfà

Pálọ̀ ìsàlẹ̀ nílé wa ní Ṣómólú ni mo fẹ́ tẹ́ vinyl oní-pákó sí, ìyẹn ìtẹ́lẹ̀ oníke tí wọ́n gé bí pákó, irú èyí tí etí wọn ń há mọ́ ara wọn tí kò sì nílò gáàmù. A ti ká kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà àtijọ́ kúrò, ohun tí a bá lábẹ́ rẹ̀ kò sì dùn ún wò: German floor náà, ìyẹn kọnkéré ìsàlẹ̀ ilé, dúdú ní ìdí ògiri ẹ̀yìn, iyọ̀ funfun tí omi gbé jáde láti inú sìmẹ́ǹtì bo ojú rẹ̀, ó sì ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká pamọ́ láìgbẹ. Àwọn tó ń ta vinyl a máa sọ pé omi kò lè ṣe é ní nǹkan kan, òótọ́ sì ni, nítorí pákó náà fúnra rẹ̀ kì í mu omi. Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin tó ń ti inú kọnkéré gòkè kì í rí ọ̀nà jáde mọ́ bí a bá ti fi vinyl bò ó. Abẹ́ ibẹ̀ yóò máa bu, òórùn rẹ̀ yóò sì máa gba etí ògiri yọ sí yàrá. Ti vinyl tí à ń fi gáàmù lẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé omi inú sìmẹ́ǹtì máa ń gbé èròjà tó ń jẹ gáàmù dání.

Oṣù Keje

Mo gé ọ̀rá tó mọ́ gaara sí sẹ̀ǹtímítà 45 níbùú lóròó, mo fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ilẹ̀ pinpin, mo sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ìlànà ASTM D4263 ti Amẹ́ríkà fún irú àyẹ̀wò yìí sọ pé ó gbọ́dọ̀ lo wákàtí 16 ó kéré tán. Bí inú ọ̀rá bá làágùn, tàbí tí kọnkéré abẹ́ rẹ̀ dúdú ju ti àyíká rẹ̀ lọ, inú ilẹ̀ ni omi ti ń bọ̀. Bó bá jẹ́ òkè ọ̀rá nìkan ló tutù, afẹ́fẹ́ yàrá ló fà á. Èyí tí mo lẹ̀ sí àárín pálọ̀ gbẹ, ti ẹnu ọ̀nà náà gbẹ. Ti ìdí ògiri ẹ̀yìn làágùn débi pé nígbà tí mo ká a, omi kán sí mi lẹ́sẹ̀.

Àyẹ̀wò yìí kò sọ bí omi náà ti pọ̀ tó. Àwọn tó ní ẹ̀rọ a máa lu ihò wọ inú kọnkéré dé ìdá 40 nínú 100 sísanra rẹ̀, kí wọ́n tó ka ọ̀rinrin inú rẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ 75 nínú 100 ni òdiwọ̀n tí wọn kì í fẹ́ kó kọjá fún irú ìtẹ́lẹ̀ báyìí. N kò ní ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ṣíṣe àyẹ̀wò ọ̀rá ní àkókò òjò gan-an, nítorí ilẹ̀ tó gbẹ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ kò tíì jẹ́rìí kankan.

Bàbá bíríkìlà tó ń gbé ládùúgbò wa yà wò ó. Mo kí wọn tán, mo sọ fún wọn pé sìmẹ́ǹtì ni mo ń rò láti dà sórí rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri, wọ́n ní, "Má tíì da nǹkan kan síbẹ̀ o. Lọ wo ẹ̀yìn ilé ná."

Oṣù Kẹjọ

Ẹ̀yìn ilé ni iṣẹ́ wà lóòótọ́. Omi òrùlé ń ṣàn sí ìdí ògiri, yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń gbá jọ síbẹ̀ láti ọdún mọ́dún ti ga ju German floor lọ, sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìn ilé sì dagẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ ògiri dípò kó dagẹ̀rẹ̀ sí gọ́tà. A kó yẹ̀pẹ̀ náà, a tún sìmẹ́ǹtì ṣe kí omi lè máa sá kúrò lẹ́bàá ilé, a sì fi páìpù gba omi òrùlé. Òjò tó dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù yìí ràn wá lọ́wọ́. Nígbà tí mo tún lẹ ọ̀rá síbẹ̀, òógùn ti tán lára rẹ̀, ó ku dúdú ráńpẹ́. Nínú gbogbo owó tí a ná sí pálọ̀ yìí, ti ẹ̀yìn ilé ló ṣiṣẹ́ jù lójú mi, òun ló sì kéré jù.

Dúdú tó kù yẹn kò yà mí lẹ́nu, torí pé ilé àtijọ́ ni, wọn kò tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré.

Oṣù Kẹsàn-án

Ó wá kan gegele àti kòtò. Ilẹ̀ lè dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kó sì tẹ́jú, vinyl kò sì kórìíra èyí; ohun tó ń pa á ni kòtò, nítorí ẹsẹ̀ ènìyàn yóò máa tẹ pákó wọ inú òfìfo títí etí tó há mọ́ra yóò fi kán. Mo gbé irin gbọọrọ mítà 2 tí àwọn bíríkìlà fi ń fa pílásítà lélẹ̀ lóríṣiríṣi ọ̀nà, mo sì ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì bá ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe vinyl gbà ni nǹkan bíi mìlímítà 5 láàárín mítà 3. Kòtò ẹnu ọ̀nà tó mìlímítà 9, gegele kan sì la àárín yàrá kọjá níbi tí kọnkéré àná ti pàdé ti òní nígbà tí wọ́n ń kọ́lé. Gíráńdà ni mo fi gé gegele náà, pẹ̀lú ìbomú tó nípọn, nítorí eruku kọnkéré ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni mo kun ọ̀dà epoxy tó ń dènà ọ̀rinrin ní ìlọ́po méjì sí gbogbo yàrá. Kì í ṣe ìdí ògiri ẹ̀yìn nìkan ni mo kùn ún sí, kí omi má baà wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́. Kí ìkejì tó gbẹ, mo fọ́n yanrìn gbígbẹ lé e kí ohun tí a ó dà sórí rẹ̀ lè rí nǹkan dì mú.

Oṣù Kẹwàá

Yanrìn àti sìmẹ́ǹtì lásán kò dára fún kòtò tí kò jìn, torí pé bí a bá tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, sísán ni yóò sán. Sìmẹ́ǹtì àpòpọ̀ tó ń tẹ́jú fúnra rẹ̀ bí a bá dà á sílẹ̀ ni mo rà, mo sì fi ike tó ní àmì wọn omi rẹ̀ bí wọ́n ti kọ ọ́ sára àpò, nítorí omi àpọ̀jù máa ń jẹ́ kí ojú rẹ̀ di ìyẹ̀fun. Òwúrọ̀ kùtù ni a dà á, kí oòrùn tó mú un le lójijì. Irin gbọọrọ náà kò rí ju mìlímítà 2 lọ níbikíbi báyìí. Àwọn páálí vinyl ti wà nílẹ̀ nínú pálọ̀ kí wọ́n lè bá ooru ibẹ̀ mu fún wákàtí 48, kápẹ́ńtà yóò sì wá gé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, nítorí ilẹ̀ ti ga sókè, kò sì ṣí tán mọ́.