Bí mo ṣe jáde ní Madrid lónìí

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti lù, mo ti dé Valencia, ẹsẹ̀ ń ro mí, àmọ́ mi ò lè sùn láìkọ eléyìí. Lífìtì ni mo bẹ dé ibí o. Hacer dedo làwọn ará Sípéènì ń pè é, torí àtàńpàkò lèèyàn máa ń nà sójú títì. Ìrìn náà ò ju nǹkan bíi 350 kìlómítà lọ, kí n ráyè jáde ní Madrid gan-an ni wàhálà.

Láàárọ̀, Conde de Casal ni mo lọ dúró sí, níbi tí A-3, autovía (títì márosẹ̀) tó lọ sí Valencia, ti bẹ̀rẹ̀, mo gbé páálí tí mo kọ VALENCIA sí dání. Wákàtí méjì gbáko! Mọ́tò ń kọjá fìì fìì, kò sáyè tẹ́nì kan lè páàkì sí, àwọn tó tiẹ̀ ń wojú mi, àárín ìlú náà ni wọ́n ń lọ. Ẹ ò sì lè lọ dúró lórí autovía fúnra ẹ̀, òfin ò gbà kí ẹlẹ́sẹ̀ débẹ̀. Mo bá wọ metro, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, lọ sí Sainz de Baranda, mo bọ́ sí Line 9, mo tún pààrọ̀ ọkọ̀ ní Puerta de Arganda, ó di Arganda del Rey níbi tó parí sí, mo wá fẹsẹ̀ rìn dé ilé epo kan létí ọ̀nà.

Mi ò na àtàńpàkò mọ́, àwọn tó ń ra epo ni mò ń kí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni méje ní rárá. Ẹni kẹjọ ni bàbá kan tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, ajá kékeré kan jókòó síwájú ọkọ̀ ẹ̀. Ó wo páálí mi, ó ní Tarancón lòun ń lọ, ṣé mi ò mọ̀ pé ẹni tí ò dé Valencia á kàn kọjá lára mi ni? Òótọ́ ọ̀rọ̀!

Ó gbé ajá sẹ́yìn, mo wọlé. Ó ní nígbà tóun ń ṣe mili, iṣẹ́ ológun tí wọ́n ń fi dandan mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin ṣe títí di 2001, lífìtì làwọn máa ń bẹ relé, tí mọ́tò bá ti rí aṣọ sójà lọ́rùn èèyàn á dúró, pé àwọn èèyàn ti ń bẹ̀rù ara wọn jù báyìí. Mò ń pè é ní usted, ìyẹn "ẹ̀yin" tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ó ní rárá, tú ni kí n máa pe òun. Ẹnu mi ò gbà á! Ẹni tó ju bàbá mi lọ, kí n máa pè é ní "ìwọ", nínú ọkọ̀ tó fi gbé mi lọ́fẹ̀ẹ́? Mo gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ara mi gbóná, mo padà sí usted, ó rẹ́rìn-ín títí.

Ní Tarancón kò kàn já mi sílẹ̀ kó máa lọ. Ó gba máákà lọ́wọ́ mi, ó yí páálí sí ẹ̀yìn, ó kọ A-3 gàdàgbà, kẹ́ni tó bá ṣáà ti ń gba ọ̀nà yẹn lè mọ̀ pé òun lè gbé mi. Obìnrin kan dúró láàárín ogún ìṣẹ́jú. Bí a ṣe ń lọ mo bojú wẹ̀yìn, bàbá ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ẹ̀, ó gbé ajá mọ́yà, ó ń juwọ́. Mi ò béèrè orúkọ ẹ̀, ó sì ń dùn mí. Ti ajá nìkan ni mo mọ̀, Luna.