Ooru gíà: ohun tí ọ̀nà oko kòkó kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba kọ́kọ́rọ́ Hilux lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀rọ̀ gíà ọ́tò ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọdún kẹta tí mo ń kó kòkó láti àwọn abúlé ẹ̀yìn Ìdànrè ni gíà jó mọ́ mi lọ́wọ́. Oṣù kẹwàá ni, kòkó pọ̀, òjò ò sì tíì dá. Mo ń gun òkè ẹlẹ́rẹ̀ kan, ẹ́ńjìnì ń ké, táyà ń rá pálá. Géèjì ooru ẹ́ńjìnì ò kúrò láàárín, ọkàn mi sì balẹ̀. Àfi bí òórùn kan ṣe wọlé, bí epo tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Kò pẹ́ sí i, mo fi sí D, mo tẹ̀ ẹ́, mọ́tò ò lọ mọ́.

Mọ́tò onímọ́tò ni. Owó tí ọ̀gá mi ná lórí gíà yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Mẹkáníìkì tó tú u ló là mí lójú. Ó ní géèjì tí mò ń wò yẹn, ti omi ẹ́ńjìnì ni, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú gíà. Ó ní kí n fojú inú wo fáànù méjì tó kọjú síra: iná wà lára ọ̀kan, atẹ́gùn rẹ̀ ló ń yí èkejì. Bí torque converter, ẹ̀yà tó so ẹ́ńjìnì mọ́ gíà, ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, àmọ́ ọ́ìlì ló wà níbẹ̀ dípò atẹ́gùn. Tí ènìyàn bá wá di fáànù kejì mú, tí àkọ́kọ́ ṣì ń yí fíofío, ibo ni agbára yẹn ń gbà lọ? Ọ́ìlì ló ń gbà á, ooru ló sì ń dà. Ẹrẹ̀ tí kò jẹ́ kí táyà yí ni ọwọ́ tó di fáànù mú. Èyí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé eré kọ́ ló ń pa gíà lọ́nà oko. Ìtẹ̀ líle níbi tí mọ́tò ò ti rìn ni.

Ohun tó yọ mí lẹ́yìn ìgbà náà ni L4, gíà kékeré tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń fà pẹ̀lú agbára. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń fi pamọ́ di ìgbà tí mọ́tò bá rì, ó sì ti bọ́ sórí nígbà yẹn. Ní ẹsẹ̀ òkè, kí táyà tó kan ẹrẹ̀ rárá, màá dúró pátápátá, màá fi gíà sí N, màá wá yí i sí L4. Nínú Hilux, ó ń sọ agbára tó ń dé táyà di nǹkan bí ìlọ́po méjì àbọ̀, torí náà ẹ́ńjìnì ò ní máa po ọ́ìlì lásán. Mo ra ẹ̀rọ OBD kékeré tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ń gbé ooru ọ́ìlì gíà sórí fóònù mi. Lórí títì ọlọ́dà, 85°C sí 95°C ni mo sábà máa ń rí. Mo fi H4 (táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, àmọ́ kò sí gíà kékeré yẹn) gun òkè kan, ó kọjá 120°C kí n tó dé góńgó. Mo fi L4 gùn ún pẹ̀lú ẹrù kan náà, kò tó 105°C. Mi ò tún bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí L4 mọ́. (Tí ẹ bá padà dé orí títì gbígbẹ, ẹ yọ ọ́ o.)

Ẹrù náà ńkọ́? Àpò kòkó 16 ni tọ́ọ̀nù kan. Gbogbo agbára Hilux fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn, ká tó ka awakọ̀ àtàwọn tó jókòó tì í. Oníkòkó á ní kí ẹ gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀méjì.

Bí mọ́tò bá sì rì, ẹ má ṣe máa já gíà láti D sí R nígbà tí táyà ṣì ń yí. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wa ẹrẹ̀ kúrò níwájú táyà, ẹ tẹ́ ẹ̀ka igi sí i.

Nígbà tí gíà bá gbóná, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa ẹ́ńjìnì. Mo mọ̀ pé ohun tó kọ́kọ́ ń sọ síni lọ́kàn nìyẹn. Àmọ́ ẹ́ńjìnì ló ń yí pọ́ǹpù tó ń gbé ọ́ìlì gíà lọ síbi tí yóò ti tutù nínú rédíétọ̀. Tí ẹ bá pa á, ọ́ìlì gbígbóná á dúró sójú kan. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú, ẹ fa háńdì bíréèkì, ẹ fi sí P, kí ẹ jẹ́ kó máa dún jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Tí iná ooru gíà bá tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ dúró síbẹ̀ títí yóò fi kú. Lálẹ́, ẹ fi omi tí kò le fọ koríko àti ẹrẹ̀ kúrò lójú rédíétọ̀.

Ẹ máa ní kí mẹkáníìkì kán ọ́ìlì gíà díẹ̀ sórí bébà funfun. Pupa ni tuntun. Tó bá ti dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ tètè sọ fún ọ̀gá. Tó bá wá dà bí ògì bàbà, omi rédíétọ̀ ti wọnú gíà nìyẹn: ẹ má ṣe wà á dé ìdí ilé pàápàá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á, kí wọ́n sì pààrọ̀ rédíétọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan gíà.