Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú pípín ọ̀rọ̀-ìṣe èdè Ítálì sí sílébù

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè Ítálì ní ìlú Torino, olùkọ́ wa ní kí n pín cantare, mo sì pín in sí mẹ́rin: ca-n-ta-re. Etí Yorùbá ni mo fi gbọ́ ọ, nítorí pé ǹ inú kọ̀ǹpútà dá dúró bíi sílébù, ó sì ní ohùn tirẹ̀. Ní èdè Ítálì, n kì í dá dúró bẹ́ẹ̀. Fáwẹ̀lì tó ṣáájú rẹ̀ ló ń so mọ́, nítorí náà mẹ́ta péré ni: can-ta-re. Bẹ́ẹ̀ náà ni par-la-re, tí ahọ́n wa máa ń fẹ́ sọ di "paralare". Kọ́ńsónáǹtì méjì tó jọra a máa pínyà, bíi leg-ge-re, ṣùgbọ́n s tó ṣáájú kọ́ńsónáǹtì mìíràn a máa bá a lọ: ca-pi-sco.

Ibi tí ohùn ti ń tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ló le jù. Àwa tí a mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ yàtọ̀ síra kò ní fojú kékeré wo càpito, "mo ṣàdédé yọ", capìto, "ó ti yé mi", àti capitò, "ó ṣẹlẹ̀". Ṣùgbọ́n àwọn ará Ítálì kì í sábà kọ àmì náà sílẹ̀ àfi tó bá bọ́ sórí sílébù tó gbẹ̀yìn. Èmi ni mo fi ti àwọn yòókù síbí fún yín.

Ní ọjọ́ kan mo fẹ́ sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, mo wá tẹ sílébù kejì láti ẹ̀yìn bí mo ti ń ṣe nínú parlàte, mo pè é ní capitàno. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi nìyẹn. Càpitano ló yẹ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ io, ìyẹn "èmi", nítorí pé, ní àkókò ìsinsìnyí, ibi tí ohùn bá ti tẹ̀ nínú io náà ni yóò ti tẹ̀ nínú loro, ìyẹn "àwọn", iye sílébù yòówù tó lè tẹ̀ lé e: àbito, àbitano, telèfono, telèfonano. Noi, "àwa", àti voi, "ẹ̀yin", ní tiwọn, abitiàmo, abitàte.

Ní ti ọ̀rọ̀-ìṣe tí a kò tíì so mọ́ ẹnikẹ́ni, bíi cantare, àwọn tó parí sí -are àti -ire kò ṣòro, torí a àti i ibẹ̀ ni à ń tẹ̀. Àwọn tó parí sí -ere ni n kò rí ọ̀nà àbùjá fún: vedére nìyí, prèndere nìyí. Ìwé kékeré kan ni mo ń kọ wọ́n sí, mo ń fa ìlà sábẹ́ sílébù tó wúwo, mo sì ń kà wọ́n sókè láràárọ̀.