Ohun tó ń gbọn sítíárìn jíìpù tí mo gbé ga

Láti ìgbà tí mo ti gbé jíìpù mi ga ní íńṣì 3 ni sítíárìn rẹ̀ ti máa ń gbọ̀n rìrì bí ẹni tí ibà ń ṣe, nígbàkígbà tí táyà iwájú bá kó sí kòtò kékeré lórí eré, àfi kí n rọra dẹ eré kí ó tó dákẹ́. Àwọn kan ní kí n ra ṣọ́kì sítíárìn tuntun, èyí tí ń dín gbígbọ̀n sítíárìn kù, ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí pé ṣe ni ìyẹn máa ń bo àìsàn náà mọ́lẹ̀.

Lónìí, mo ní kí àbúrò mi tan ẹ́ńjìnì, kí ó sì máa yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì nígbà tí táyà wà nílẹ̀, bí èmi ti ń wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Tie rod, irin tí ó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè jọ yí, kò ní wàhálà. Track bar, irin tí ó so axle iwájú mọ́ férémù kí ó má baà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ni mo rí tí ó ń ṣípò níbi bóòtù rẹ̀, ihò bóòtù náà sì ti jẹ. Gbígbé ọkọ̀ ga tún máa ń dín igun caster kù, èyí tí ń jẹ́ kí táyà padà tọ́ fúnra rẹ̀, nítorí náà a ó wọn ìyẹn lẹ́yìn tí wẹ́dà bá ti tún ihò náà ṣe.