Tẹ F1 Kó O Máa Lọ

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi sọ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì di rọ́tà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé. "Bàbá Ìbejì," ìyàwó mi bi mí, "kí ló ṣe èyí tí à ń lò tẹ́lẹ̀?" Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Ó wò mí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ náà ò le tó bí mo ṣe ń pariwo rẹ̀. Ihò méjì ni rọ́tà nílò: èyí tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, àtèyí tó ń gbà lọ bá ará ilé. Ọ̀kan ti wà lára kọ̀ǹpútà náà, mo ki káàdì nẹ́tíwọ̀kì kan sí i láti fi ṣe èkejì. Mo kó OpenWrt, ètò ọ̀fẹ́ tó ń mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ rọ́tà, sórí rẹ̀. Àpótí Wi-Fi tí à ń lò tẹ́lẹ̀, mo gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó kàn máa fọ́n Wi-Fi, kó má pín àdírẹ́sì, nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ̀kì fi ń dá fóònù kọ̀ọ̀kan mọ̀, fún ẹnikẹ́ni mọ́, torí ọba kì í pé méjì láàfin. (Ọjọ́ kejì ni mo tó rántí ìyẹn ṣá o. Kí n tó rántí, fóònù kan ń ríran, òmíràn fọ́jú.)

Nígbà tó jẹ́, mo yọ skírìnì àti kíbọ́ọ̀dù. Rọ́tà kì í nílò wọn; ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, kó tẹ 192.168.1.1 sórí fóònù rẹ̀. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ní pálọ̀ tí mo ti ń tò ó náà ni mo fi í sílẹ̀ sí, fáànù rẹ̀ ń kùn hùùù bí oyin tí ọmọdé sọ lókò. Mo fún àwọn ìbejì ní kíbọ́ọ̀dù kí wọ́n fi ṣeré. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Àárọ̀ Sátidé, ariwo ta: "Dádì, kò sí nẹ́tíwọ̀kì!"

Rọ́tà ń kùn, iná rẹ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Mo yọ wáyà, mo ki wáyà. Mo gbé ti ọ̀tún sósì, mo tún gbé e padà. Mo pa á, mo tàn án, títí ó fi sú mi. Ni mo bá pe ilé iṣẹ́ tó ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì, mo sọ̀rọ̀ sí ọmọbìnrin tó gbé fóònù bí ẹni pé ó jẹ mí lówó. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, gbogbo nǹkan ń lọ geere. Mo ní irọ́ ni. Ó ní ṣé kò sí nǹkan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà nínú ilé?

"Rárá o."

Ìyàwó mi wúkọ́.

Mo lọ wọ́ skírìnì jáde. Lẹ́tà funfun lórí dúdú ni mo bá níbẹ̀: òun ò rí kíbọ́ọ̀dù, òun sì ti gbàgbé gbogbo ètò òun, kí n tẹ F1 kóun lè máa lọ. Ẹ gbọ́ mi o. Ẹ̀rọ tí kò rí kíbọ́ọ̀dù ló ní kí n tẹ kíbọ́ọ̀dù! Déètì tó wà níbẹ̀, January 2002.

Bátìrì ni. Ọ̀kan rìbìtì bí owó ẹyọ, CR2032, ń bẹ nínú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, òun ló ń bá a rántí nǹkan nígbà tí kò bá sí iná. Tèmi ti kú tipẹ́. Mi ò mọ̀, torí láti ìgbà tí mo ti ń bá a jà, mi ò yọ ọ́ lára ògiri rí.

"Ta ló yọ nǹkan yìí lára ògiri?"

"Èmi ni, Àjàní," màmá mi tó wá kí wa dáhùn láti orí àga. "Ó ti ń kùn látàná, àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo ní kó sinmi. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo bá a ki í padà."

Kí lèèyàn fẹ́ sọ? "Ẹ ṣeun, mà."

Mo gba kíbọ́ọ̀dù padà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Mo pa ẹ̀rọ, mo ki í, mo tàn án. Mo tẹ F1. Kò mira. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ìka fi ń ta mí. Mo ti gbà pé kíbọ́ọ̀dù náà ti bá bátìrì lọ, nígbà tí mo gbọ́ ohùn Táíwò lẹ́yìn mi.

"Dádì, ibẹ̀ kọ́ o."

"Kí ni ibẹ̀ kọ́?"

"F1. A ti bá a kó kúrò ńlé."

Òun àti Kẹ́hìndé ti fi ṣíbí hú gbogbo bọ́tìnì òkè, wọ́n pín ilé ọ̀tun fún wọn. F1 ń gbé nílé F12, F12 wà nílé F1. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Táíwò na ìka kan ṣoṣo, ó tẹ bọ́tìnì tó kọ F12 sórí, ẹ̀rọ ní pọ̀ọ́n, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí skírìnì. Kò pẹ́, gbogbo fóònù inú ilé ń dún kín-ín, kín-ín.

Lọ́sàn-án, ọmọbìnrin yẹn pe padà láti béèrè bó ṣe ń lọ. Ìyàwó mi ló gbé e.

"Ó ti dáa o, ẹ ṣeun. Rárá, kì í ṣe ọkọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan ló bá wa tún un ṣe."