Ọwọ́ wo ló ń fa bíréèkì iwájú? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí àwọn òkè Surrey

Ẹ̀yin àbúrò mi,

Oṣù yìí ló pé ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ ní àwọn ọ̀nà tóóró orí òkè Surrey, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí lọ́kàn mi láti kọ ohunkóhun nípa rẹ̀ títí di ọjọ́ Àìkú tó kọjá, nígbà tí a dúró sinmi lórí òkè White Down, tí mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú yín ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa pé, “Tí ilẹ̀ bá tutù, bíréèkì ọwọ́ òsì nìkan ni kí o tẹ̀.” Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dá a lójú ni ó ṣe dá èmi náà lójú nígbà kan. Mo dá gbogbo yín dúró, mo sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ̀. Ẹ rò pé inú ló ń bí mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló bà mí, mo sì jẹ yín ní àlàyé.

N kò ní sọ̀rọ̀ nípa akoto, tàbí iná ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, tàbí afẹ́fẹ́ táyà; ẹ ti mọ ìwọ̀nyí kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Dorking, ìlú tó wà nísàlẹ̀ àwọn òkè yìí.

Ẹ̀kọ́ kìíní jẹ mọ́ ìgòkè. Ẹ ka pátákó tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè. Bí wọ́n bá kọ 18 nínú ọgọ́rùn-ún sí i, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹ bá rin ọgọ́rùn-ún mítà síwájú, ẹ ti gun mítà 18 sókè. Ẹ yí jíà sí èyí tó fúyẹ́ jù kí òkè náà tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ṣéènì tí ẹ ń fi gbogbo agbára fà kì í fẹ́ kúrò lórí eyín kan bọ́ sórí òmíràn. Yóò yọ, ẹ óò sì ṣubú nígbà tí bàtà yín ṣì há mọ́ pẹ́dààlì. Ẹ jókòó, kí ẹ sì fi àyà tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ẹni tó bá dìde dúró lórí ilẹ̀ tó tutù ti gbé ìwúwo rẹ̀ kúrò lórí táyà ẹ̀yìn, táyà náà yóò sì máa yí lásán. Bí ó bá sì kọjá agbára yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ máa tì í. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé kí ẹ mọ irú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ yín. Box Hill, tí àwọn ọkùnrin gùn ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án nínú eré kẹ̀kẹ́ Òlíńpíìkì ọdún 2012, ẹfun ni, White Down náà sì rí bẹ́ẹ̀. Nínú ẹfun náà ni òkúta mímú kan wà, irú èyí tí àwọn ọdẹ ayé àtijọ́ nílé wa fi ń ṣá iná sí ìbọn. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá a gbá a wá sójú títì, a sì máa la táyà bí abẹ. Leith Hill, tó ga ní mítà 294, tí kò sì sí òkè tó ga tó o ní gbogbo Surrey, òkúta iyanrìn ni tirẹ̀. Àwọn ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti jin wọnú ilẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ ẹṣin, kẹ̀kẹ́ ẹrù àti omi òjò ti ń gbẹ́ wọn láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún wá, tó bẹ́ẹ̀ tí gbòǹgbò igi fi wà lókè orí ẹni tó ń kọjá. Oòrùn kì í dé ibẹ̀. Ọ̀nà Dorking lè ti gbẹ láti òwúrọ̀, kí ti ibẹ̀ ṣì máa yọ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀kọ́ kẹta jẹ mọ́ ìsọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè kà á bí mo ṣe ka àwọn tó ṣáájú rẹ̀, nítorí pé ènìyàn ló wà nínú rẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, mo mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìbàdàn wá sí orí òkè yìí. Kò tíì pé ọdún kan tó dé Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe lóru, ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí, èmi ni mo sì fi dandan lé e pé kó wá gba afẹ́fẹ́ sára. Ó ra kẹ̀kẹ́ àlòkù kan lọ́wọ́ ẹni tó gbé e bọ̀ láti ilẹ̀ Faransé. Mo yẹ kẹ̀kẹ́ náà wò fúnra mi: mo fẹ́ táyà rẹ̀, mo fi òróró sí ṣéènì, mo sì gbé ìjókòó rẹ̀ sókè títí ó fi bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Inú mi dùn pé mo ń ṣe ojúṣe ẹ̀gbọ́n.

Nígbà tí a dé orí White Down, òjò òru ti dá, ewé sì bo ilẹ̀. Mo sọ fún un pé, “Ewé ń yọ̀ o. Ọwọ́ òsì nìkan ni kí o tẹ̀, má fọwọ́ kan ti ọ̀tún.” Òfin tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹni tó fi lé mi lọ́wọ́ ti gun kẹ̀kẹ́ fún ohun tó ju ogún ọdún lọ. Nígbà tí mo bi í ní ìdí rẹ̀, ó ní àwọn tó ń béèrè ìdí kì í pẹ́ láàárín àwọn. Mo dákẹ́, nítorí pé a ti kọ́ mi láti kékeré pé a kì í já àgbà níyàn. Ó wà pẹ̀lú wa lọ́jọ́ náà, òun ló sì ṣíwájú.

Mo tẹ̀ lé e, ọmọ náà sì tẹ̀ lé mi. Níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́nà, ọkọ̀ kan ń gòkè bọ̀. Ọ̀nà náà kò fẹ̀ ju ọkọ̀ kan lọ, Highway Code, ìwé òfin ojú títì nílẹ̀ yìí, sì sọ pé kí ẹni tó ń sọ̀ yàgò fún ẹni tó ń gòkè níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Mo yà sí apá òsì, mo fi èjìká ha ògiri ilẹ̀, mo sì dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbọ́ ariwo irin lẹ́yìn mi.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ọ̀tún ló ń fa bíréèkì iwájú, òsì sì ń fa ti ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí Raleigh tí bàbá mi ń gùn lọ sóko, nítorí náà láti ọmọdé ni ó ti wà lọ́kàn mi pé bí kẹ̀kẹ́ ṣe rí nìyẹn. Ní ilẹ̀ Faransé, ọwọ́ òsì ló ń fa ti iwájú. Àbúrò mi ṣe ohun tí mo ní kó ṣe gẹ́lẹ́: ó fi gbogbo agbára tẹ ọwọ́ òsì, kò fọwọ́ kan ti ọ̀tún rárá. Táyà iwájú há lórí ewé tó tutù, ó sì gbé e lu ilẹ̀. Ká ní ó ṣàìgbọràn sí mi ni, bóyá ì bá má ṣubú.

Egungun tó so èjìká mọ́ àyà ṣẹ́. Ẹni tó wa ọkọ̀ náà ló gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀sẹ̀ méje ni kò fi lè gbé arúgbó kankan lórí ibùsùn, wákàtí tí ó bá sì ṣiṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un. Mo san owó ilé rẹ̀ fún oṣù kan. N kò ní agbára èyí tó ṣẹ́kù. Ìyá rẹ̀ pè mí láti Ìbàdàn. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbáwí, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ọmọ mi, ọwọ́ wo ni?” Mo ní, “Ọwọ́ òsì ni, mà.” Ó ní, “Ọlọ́run ṣeun, yóò ṣì lè fi ọ̀tún jẹun.” N kò lè sọ fún un pé ọwọ́ òsì yẹn náà ni mo ní kó tẹ̀.

Ẹni tó ṣíwájú wa kò padà gòkè wá wò wá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní ó yẹ kí ọmọ náà mọ kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Títí di òní, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí, n kò sì bá a jáde mọ́. Ẹni tó bá ń kọ́ ènìyàn ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ kẹ̀kẹ́ tí ẹni náà jókòó lé.

Òfin náà gan-an kò pé. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń sọ̀, tí ẹ sì ń fà á dúró, ìwúwo yín àti ti kẹ̀kẹ́ yóò rọ́ síwájú, nítorí náà táyà iwájú ló lè di ilẹ̀ mú jù, ti ẹ̀yìn kò sì ní ní ju díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi ti ẹ̀yìn nìkan sọ White Down, táyà rẹ̀ yóò kàn máa wọ́ nílẹ̀ ni. Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ lò, ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣì dúró ṣánṣán, kí ẹ tó dé kọ́nà. Bí bíréèkì yín bá jẹ́ irú èyí tó ń fún ríìmù, ẹ tètè tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó kọ́kọ́ nu omi kúrò, nítorí pé kò ní mú nǹkan kan kí ríìmù tó gbẹ. Bí eré yín bá di ìlọ́po méjì, ibi tí bíréèkì nílò láti fi dá yín dúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin, ó sì máa ń gùn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ju orí ilẹ̀ tó tẹ́jú lọ. Nínú ọ̀nà tí ọkọ̀ méjì kò lè kọjá lára wọn, ẹ gbọ́dọ̀ lè dúró láàárín ìdajì ibi tí ojú yín rí, nítorí pé ẹni tó ń bọ̀ náà nílò ìdajì tirẹ̀. Òfin sì gba ọkọ̀ láyè láti sá eré máìlì 60 ní wákàtí kan ní ọ̀pọ̀ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọlọ́gbọ́n tó máa sá a. Ẹ fi àyè tó gbòòrò sílẹ̀ láàárín ara yín. Mítà mẹ́ta tó wà láàárín èmi àti ọmọ yẹn kò tó nǹkan kan.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gba kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ yín ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, tí mo ń tẹ ọwọ́ kan tí mo sì ń tì í síwájú láti mọ táyà tó dúró. Àwọn kan nínú yín ń ráhùn pé mo ń fi àkókò ṣòfò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ráhùn. Ó ṣì ń bá wa jáde nígbà tí iṣẹ́ bá gbà á láyè, ó sì ti pààrọ̀ wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ Faransé náà fúnra rẹ̀. Bó bá ti rí mi lókèèrè ló ti máa gbé kẹ̀kẹ́ náà síwájú mi, tí yóò tẹ̀ ẹ́, tí yóò sì sọ pé, “Ọ̀tún ni báyìí, ẹ̀gbọ́n.” Síbẹ̀, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ wò.