Ẹja Ńlá Kì í Gbé Tánkì Kékeré: Ẹ̀kọ́ fún Ẹ̀yin Ọmọ Iṣẹ́

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ tánkì gíláàsì ní Adó-Èkìtì, oníbàárà tó bá wọlé, iye owó ló máa kọ́kọ́ béèrè. Ẹ má tíì dá a lóhùn. Ẹ bi í pé ẹja wo ló fẹ́ sìn, kí ẹ sì ronú bí ẹja náà ṣe máa tó nígbà tó bá dàgbà tán, kì í ṣe bó ṣe rí nínú ọ̀rá tó gbé e wá. Ẹja Oscar tí wọ́n tà ní ìnṣì 2 lè tó ìnṣì 12. Ẹja Pangasius tí wọ́n ń pè ní «shark» lè kọjá mítà kan. Ẹ má ṣe tánkì pálọ̀ fún ìyẹn, iye yòówù kó fẹ́ san.

Wọ́n á sọ fún yín pé ẹja kì í dàgbà ju tánkì rẹ̀ lọ. Irọ́ ni. Ìdọ̀tí ara rẹ̀ ló ń di ammonia, ìyẹn májèlé, nínú omi tí kò tó, tí kì í jẹ́ kó dàgbà bó ṣe yẹ. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lè tẹ̀, á sì kú láìtọ́jọ́.

Ìbú tánkì, láti iwájú dé ẹ̀yìn, gbọ́dọ̀ ju gígùn ẹja tó ti dàgbà lọ kó lè ríbi yípo. Kí gígùn tánkì tó ìlọ́po 4 gígùn ẹja. Gíga kò le tó bẹ́ẹ̀. Tánkì gíga tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn olówó fẹ́ràn yẹn, ojú omi rẹ̀ kéré, atẹ́gùn díẹ̀ ló ń wọlé.

Ẹ wọ̀n ọ́n ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi gígùn lọ́po ìbú, kí ẹ tún fi lọ́po gíga, ẹ wá pín in sí 1,000: lítà nìyẹn. Tánkì ẹsẹ̀ bàtà 4, tí ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ ìnṣì 18, ń gba nǹkan bíi lítà 255. Lórí ìwé nìyẹn o. Bí ẹ bá fi ìnṣì 2 sílẹ̀ lókè, ó ti di nǹkan bíi 230. Òkúta dúdú tí wọ́n ń kó wá láti Ìkẹ́rẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́ sínú tánkì kì í ba omi jẹ́, àmọ́ kílò 26 rẹ̀ á gba àyè lítà 10. Oscar kan ṣoṣo ló wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ méjì, ẹ ṣe ẹsẹ̀ bàtà 6, kí ìbú àti gíga jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2, fún un.

Ìyẹn ń gba lítà 680. Lítà omi kan, kílò kan. Ẹ fi gíláàsì mílímítà 12 kún un, ó ti di kílò 800. Irin ni kí wẹ́dà fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, kó wà nísàlẹ̀ ilé, kì í ṣe lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ fi lẹ́fẹ̀lì bíríkìlà yẹ̀ ẹ́ wò. Bí igun kan bá lọ sílẹ̀, gíláàsì á lọ́, sílíkóònù tó lẹ gíláàsì pọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí: ẹ máa rí ìlà tútù tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀ kó tó jò gan-an.

Ẹ fi owó pọ́ǹpù atẹ́gùn oníbátìrì kún iye tí ẹ máa pè, torí NEPA. Bí iná bá sì dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ má kàn tan fílítà, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi tánkì: omi tó dá sínú rẹ̀ ti bàjẹ́, tánkì ló máa tú u sí. Ẹ kọ́kọ́ da omi yẹn nù, kí ẹ bu omi tánkì fi fọ fóòmù inú rẹ̀.